Àbúrò Mi Tí Gbogbo Ayé Ń Pè Ní Onílé

Àbúrò mi ti ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn èèyàn tó lè kún ìlú kékeré kan, síbẹ̀ kò sí ilẹ̀kùn kan láyé yìí tó lè pè ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ báyìí, torí bí mo bá fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, inú á bí mi, bí inú bá sì ti bí mi, ọ̀rọ̀ mi kì í já geere mọ́. Aránṣọ ni mí. Èmi lẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yìn mi ló máa ń wà nígbàkígbà tí ìyá wa bá lọ síbi iṣẹ́, ó sì wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Torí náà, tí ẹ bá gbọ́ tí mò ń bú u nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má dá sí i. Ẹ̀tọ́ mi ni.

Ilé àlejò kan wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àtẹ̀gùn onípákó rẹ̀ máa ń ké tí èèyàn bá ń gùn ún. Ibẹ̀ ló ti lo ayé rẹ̀. Aṣọ ibùsùn ló kọ́kọ́ ń fọ̀. Nígbà tó yá, obìnrin tó ń darí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bínú fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí àbúrò mi di ipò náà mú títí àwọn á fi rí ẹlòmíràn, wọn ò sì wá ẹlòmíràn mọ́. Ẹni tó ni ilé náà ń gbé ìlú míràn. Àfi tí òrùlé bá ń jò la máa ń rí i. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ni wọ́n fún un, òun àti páálí ọṣẹ àti garawa ni wọ́n jọ ń sùn níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ orúkọ! Àwọn tó ń fọṣọ tí wọ́n ń gbálẹ̀ ń pè é ní Ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ yẹn ti gbó lẹ́nu aráyé. Ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́, ọ̀gá ni. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe létí títì, tí o fẹ́ kó bá ọ ṣe é kíá, ọ̀gá ni. Ọlọ́pàá tó dá ọ dúró láìnídìí, kíá o ti sọ ọ́ di ọ̀gá. Ẹni tó ni ilé ní tirẹ̀, tó bá ń royìn rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Olórí ló ń pè é, "olórí àwọn òṣìṣẹ́ mi," bí ẹni pé ó dé e ládé. Mo sọ fún àbúrò mi pé orí tí wọ́n ń wí yẹn, orí tí wọ́n ń gbé ẹrù lé ni. Ó kàn rẹ́rìn-ín. Àwọn àlejò ń pè é ní Ìyá Onílé, èyí ló sì dùn mọ́ ọn jù. Onílé ni ẹni tí ayálégbé ń bẹ̀rù. Onílé náà sì ni ẹni tó bá dáhùn nígbà tí èèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń ké "Onílé o!" Nínú méjèèjì, ọ̀kan ṣoṣo ló kàn án, ó sì mọ̀. "Ẹ̀gbọ́n," á ní, "ẹni tó bá dáhùn ló ni ilé lójú ẹni tó ti rẹ̀." Èmi náà á ní, "Lójú ẹni tó ni ìwé ilé ńkọ́?" Èyí tó jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an, agbàlejò, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Nítorí ó mọ èèyàn gbà. Kí àlejò tó la ẹnu, báàgì rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ìrìn, ẹ jókòó ná, yàrá ò sá lọ." Omi tútù á dé, táwẹ̀lì funfun á tẹ̀ lé e. Àwọn táwẹ̀lì yẹn, bí ẹ̀mí rẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sá wọn, òun ló ń ká wọn, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó máa fi nu ọwọ́ àfi àlejò. Mo fi nu ojú lẹ́ẹ̀kan, ó wò mí bí ẹni tó ká olè mọ́lé.

Ohun kan wà tó dá sílẹ̀ níbẹ̀ tí mi ò tíì rí níbòmíràn. Kì í sọ fún àlejò pé àkókò rẹ̀ ti pé. Ó ní ẹnu tí òun fi kí èèyàn káàbọ̀, òun ò ní fi lé e jáde. Tí ọjọ́ bá ti pé, tí ẹni náà sì jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, àbúrò mi á fọ aṣọ rẹ̀, á lọ̀ ọ́, á ká a sínú báàgì rẹ̀ létòlétò, á gbé báàgì náà sórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn yàrá, kò ní fa síìpù rẹ̀, á sì tẹ́ táwẹ̀lì mímọ́ kan lé e lórí. Ó parí. Àlejò á jáde láti balùwẹ̀, á rí i, á yé e. Á jẹun àárọ̀, á dúpẹ́, á lọ. Kò sẹ́ni tó bínú rí. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń padà wá nítorí aṣọ tó lọ̀ dáadáa yẹn.

Ó ṣe é fún èmi náà rí! Èmi tí mo pọ̀n ọ́n! Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi la jọ ní gbólóhùn asọ̀, mo bá kó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, mo ní mi ò padà mọ́ láéláé. Ó fún mi ní yàrá tó dojú kọ ọgbà. Mo ń jẹ, mò ń mu, mò ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ mi sí i létí láìsinmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jáde láti balùwẹ̀, mo bá báàgì mi lórí àga pẹ̀lú táwẹ̀lì. Háà! Mo pariwo títí àwọn àlejò fi yọjú ní yàrá wọn. Ó dúró síbẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti bá yín lọ búláòsì yín." Ẹ̀rín pa mí níbi tí mo ti ń bínú. Mo padà sílé ọkọ mi lọ́jọ́ náà, búláòsì yẹn ò sì tíì dán tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Bàbá ọmọ náà lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun. Kò kú o, kò kàn padà wá ni. Inú ilé àlejò yẹn ni ọmọ náà ti dàgbà, ó kàwé, ó di dókítà eyín. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu ẹlẹ́nu ló fi ń jẹun. Ọmọ dáadáa ni, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ nọ́ọ̀sì kan, ọmọ tó mọ́ tónítóní, tó jẹ́ pé tó bá gbé ife kalẹ̀, kì í dún. Mo fẹ́ kó yé yín pé kò sí ìkà kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ì bá ṣe pé ó wà ni, ọkàn mi ì bá fúyẹ́ díẹ̀, ǹ bá ti rí ẹni tí màá dójú lé.

Nígbà tí ẹni tó ni ilé àlejò náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ dé, wọ́n wòkè, wọ́n wolẹ̀, wọ́n sì tà á fún àwọn tó fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìtajà fóònù. Wọ́n bọ àbúrò mi lọ́wọ́. Mo wà níbẹ̀. Àgbà inú wọn ń sọ fún ẹni tó rà á pé, "Màmá yìí wà lára àwọn òṣìṣẹ́ bàbá wa." Ó wà lára wọn! Obìnrin tó jẹ́ pé tí iná bá kú, òun ni wọ́n ń pè, tí àlejò bá ṣàìsàn, òun ló ń jókòó tì í. Ọ̀gá, Olórí, Onílé, gbogbo rẹ̀ já bọ́ lára rẹ̀ lójú mi. Ó kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìdáná, báàgì kan àti àpótí kan. Mo ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọmọ rẹ̀ ní rárá o, ilé òun ni màmá òun ń bọ̀.

Inú rẹ̀ dùn kọjá àfẹnusọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún mi nígbà tí a jọ ń di ẹrù: ó ń wá ilé kan tí kò ti ní jẹ́ òṣìṣẹ́, tí kò sì ní jẹ́ àlejò. "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ gbé ìkòkò kaná láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Ṣé ìyẹn pọ̀ jù? Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé, ṣé ó pọ̀ jù?

Ilé ọmọ rẹ̀ dára. Wọ́n fún un ní yàrá tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀, àga onítìmùtìmù lójú fèrèsé, àti ife kan tó ní etí aláwọ̀ wúrà tí wọn kì í gbé jáde fún gbogbo èèyàn. Oúnjẹ ń bá a níbi tó bá jókòó sí, lórí tíréè. Tó bá dìde, "Mọ́mì, ẹ jókòó." Tó bá gbé ìgbálẹ̀, "Háà, Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀ o." Tó bá nawọ́ sí abọ́ tí wọ́n fi jẹun tán, ìyàwó ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, Mọ́mì. Ó ku kí ẹ sinmi."

Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Kí wọ́n tó mọ̀, àbúrò mi ti débẹ̀, ó ti gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni náà, ó ti ní kó jókòó. Ọkùnrin kan ni, tí ọmọ àbúrò mi bá tọ́jú eyín, tó mú èso wá dúpẹ́. Ọmọ rẹ̀ jáde wá, ó ní, "Ìyá mi rèé. Wọ́n wà lọ́dọ̀ wa fún ìgbà díẹ̀ ná." Kò ní nǹkan kan lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, irú èyí tí èèyàn ń sọ lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ ó wọ àbúrò mi lára. Ẹ rò ó wò. Nínú ilé, olórí ilé wà, ìyàwó ilé wà, ọmọ ilé wà. Ẹni tí kò sí nínú wọn, tí wọ́n ń fi tíréè gbé oúnjẹ fún, kí là ń pè é?

Ó pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń tọ́jú mi o."

"Ṣé ìyẹn ló wá sọ ohùn rẹ di báyìí?"

"Wọ́n ń tọ́jú mi gan-an ni."

Mo bi í pé kí ló wá ń fẹ́. "Mo fẹ́ fọ abọ́," ló wí. Mo ní kó máa bọ̀ nílé mi nígbà náà, abọ́ tèmi ti fẹ́ máa hù. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ọ̀hún ò sì dénú.

Báyìí ni nǹkan ṣe wá ṣẹlẹ̀. Tọkọtaya yẹn gbèrò pé àwọn á tún yàrá rẹ̀ ṣe. Wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà tuntun, wọ́n á gbé síńkì àti sítóòfù kékeré sí igun kan níbẹ̀, kó lè máa dá nǹkan sè nígbà tó bá wù ú. Ìyàwó ló ro èrò yẹn, kí Ọlọ́run bù kún un. Ó ti ń rí bí ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe ń wo ìkòkò. Ó ní kí ọkọ òun sọ fún Mọ́mì. Ọkọ ní òun á sọ. Ẹ̀yin ọkùnrin! Kò sọ. Bóyá ó fẹ́ kó bá a lójijì ni o, bóyá ó gbàgbé ni o, òun fúnra rẹ̀ ò lè sọ èyí tó jẹ́ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí akunlé ń bọ̀, nígbà tí àbúrò mi wà ní balùwẹ̀, ìyàwó kó aṣọ rẹ̀ jáde kí ọ̀dà má baà ta sí wọn. Nọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe nǹkan wúruwùru. Ó lọ èyí tó rún, ó ká gbogbo wọn sínú báàgì, ó gbé báàgì sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó sì tẹ́ táwẹ̀lì mímọ́ lé e lórí nítorí eruku. Ó bá lọ din ẹyin.

Àbúrò mi jáde láti balùwẹ̀, ó sì rí i.

Ẹlòmíràn ì bá ké pé, "Ta ló kó ẹrù mi?" Èmi ì bá ti fa ilé ya. Àbúrò mi wọ aṣọ, ó tẹ́ ibùsùn, ó lọ jókòó, ó jẹ ẹyin àti búrẹ́dì rẹ̀ tán. "Ilé yín tura," ló wí. "Mo dúpẹ́ ìtọ́jú." Ìyàwó rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni, ó ní, "Ẹ má dúpẹ́, Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ni wá," ó sì sáré lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ ti jáde ṣáájú. Nígbà tí akunlé dé, obìnrin kan tó gbé báàgì dání ló ṣílẹ̀kùn fún un, tó ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé, ẹ jókòó," tó bu omi fún un, tó wá bá tirẹ̀ lọ. Akunlé yẹn sọ lẹ́yìn náà pé òun rò pé onílé ló ń lọ sọ́jà. Àbúrò mi rí garawa ọ̀dà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ní ilé àlejò, tí ẹnìkan bá kúrò ni wọ́n ń kun yàrá fún ẹni tó ń bọ̀. Kò yà á lẹ́nu rárá.

Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ni mò ń rán lọ́wọ́ nígbà tó yọ sí mi. Mo rí báàgì, mo rí táwẹ̀lì tó ká lé e lórí, mo ju aṣọ sílẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Mo wá kí yín ni, ẹ̀gbọ́n."

"Pẹ̀lú gbogbo aṣọ tí o ní?"

Ó gbé báàgì kalẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Mi ò gbọ́ irú ẹkún yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn mi. Mo gbá a mọ́ra, mò ń bi í pé kí ni wọ́n ṣe fún un. "Wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan," ló ń wí. "Wọ́n ṣe é dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n tiẹ̀ lọ̀ ọ́." Orí mi gbóná. Mo bú dókítà eyín, mo bú nọ́ọ̀sì, mo ní eyín tó ń yọ lẹ́nu àwọn èèyàn, kí tirẹ̀ náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi fọwọ́ bò mí lẹ́nu. "Ọmọ mi ni," ló wí.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ náà dé, aṣọ funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ojú tó ti wú. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá Àgbà, ṣé Mọ́mì wà níbí?"

Mo fọwọ́ sí ìbàdí. "Mọ́mì wo? Èyí tí ẹ bá di ẹrù?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ọ̀dà, síńkì, sítóòfù, akunlé, bí òun ò ṣe sọ. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó kàn ń mi orí. Ìbínú mi ò wá rí ibi jókòó mọ́. Ẹ̀rín tiẹ̀ fẹ́ pa mí, ara mi wálẹ̀. "Ọ̀dà!" ni mo wí. "Ọ̀dà lásánlàsàn! Ó tán. Gbéra, jẹ́ ká máa lọ." Èmi fúnra mi gbé báàgì náà. Àbúrò mi ò dìde.

"Mo ti gbọ́," ló wí. "Ìyàwó mi, dìde, o ò ṣẹ̀ mí. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Ká ní ilé mi ni, ṣé mi ò ní béèrè? Ẹni tó wà nílé rẹ̀, tó bá ẹrù rẹ̀ lórí àga, á pariwo. Èmi ò pariwo. Mo jẹun, mo dúpẹ́. Ẹ ò lé mi. Èmi ni mo ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yín."

Ọmọ rẹ̀ dìde dúró. "Mọ́mì, kí ni mo ṣe tí kò dára? Ife tó dára jù, ẹ̀yin la fún. Ẹ̀yin la kọ́kọ́ ń bu oúnjẹ fún. Mi ò jẹ́ kí omi kàn yín lọ́wọ́."

"Àlejò lèèyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ọmọ mi."

"Mi ò mọ òmíràn!" Ó pariwo rẹ̀, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ta gìrì. "Ibo ni kí n ti mọ̀ ọ́n, Mọ́mì? Ilé àlejò lẹ ti tọ́ mi. Tí yàrá bá kún, tí ẹ bá fún ẹnìkan ní àyè mi, abẹ́ káńtà tí ẹ ti ń gba àlejò ni mò ń sùn. Tí oúnjẹ wọn bá ṣẹ́ kù ni mo tó ń jẹ. Mo máa ń wà lábẹ́ ibẹ̀, màá máa gbọ́ bí ẹ ṣe ń kí wọn, bí ẹ ṣe ń gba báàgì lọ́wọ́ wọn, bí ẹ ṣe ń fún wọn ní táwẹ̀lì funfun tí ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn. Mo máa ń sọ fún ara mi pé tí mo bá dàgbà, màá gbé báàgì kan wá sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ̀yin á sì kí èmi náà káàbọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dára jù tí mo tíì rí kí èèyàn ṣe fún èèyàn láyé mi, òun ni mo ṣe fún yín."

Mo rántí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn méjèèjì tó máa ń yọ lábẹ́ káńtà, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó lu. Gbogbo wa la máa ń rí i. A rò pé ó wù ú láti máa sùn níbẹ̀ ni, bí ọmọdé ṣe máa ń fẹ́ràn kọ̀rọ̀.

Ohùn àbúrò mi wálẹ̀ pátápátá. "Ṣé ó máa ń tutù, nísàlẹ̀ ibẹ̀?"

"Ó máa ń tutù, Mọ́mì."

Ó mi orí. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, òun á máa bọ̀ tí ọ̀dà bá gbẹ. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, kí ni wọn ì bá ṣe? Mo sìn wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ wọn. Ìyàwó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Màmá Àgbà, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n." Nígbà tí mo padà wọlé, àbúrò mi ti dojú kọ ògiri.

Ọ̀dà gbẹ. Ó gbẹ, ó gbẹ, òórùn rẹ̀ pàápàá ti lọ, àbúrò mi ò lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, mo halẹ̀ mọ́ ọn, mo ní, "Gbéra jàre, ilé mi ò gba èèyàn méjì, o ń hanrun!" Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ojú wo ni kí n fi sùn nínú yàrá yẹn? Ọmọ tí mi ò fún ní yàrá, kóun wá fún mi ní èyí tí oòrùn ń wọ̀?"

"Kò bínú sí ọ. Ó ti gbàgbé."

"Kò gbàgbé. Kò bínú, ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Ẹ ò gbọ́ ni? Ó ṣì mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe tutù tó." Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Gbogbo àwọn tí mo ń sáré ṣílẹ̀kùn fún yẹn, ẹ bá mi wá ẹyọ kan nínú wọn. Ẹ bi í bóyá ó mọ ojú mi. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń mu tíì wọn. Ọmọ mi, mi ò mọ̀ pé ó ń gbọ́ mi."

Mo sọ fún un pé iṣẹ́ ló ń ṣe, pé iṣẹ́ yẹn ló fi rán an nílé ìwé, pé bó bá jẹ́ pé ó jókòó sẹ́bàá ọmọ, ọmọ ò ní di dókítà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé òótọ́ ni. Kò sì ràn án lọ́wọ́. Ó dùn mí, ó ká mi lára, mo fi ìbínú fa okùn ẹ̀rọ ìránṣọ mi já.

Ọ̀dọ̀ mi ló ṣì wà báyìí. Ó ń fọ abọ́ mi, ó ń fọ èyí tó mọ́ pàápàá, mi ò lè fi ife sílẹ̀ kí n lọ tọ̀ kó má ti fọ̀ ọ́. Ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó máa ń wá lọ́jọ́ Àìkú. Yàrá yẹn wà bó ṣe wà, mo lọ wò ó: ó rẹwà, sítóòfù náà ò tíì mọ iná. Ìyàwó ní àwọn ò ní gbé ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Tí wọ́n bá bẹ àbúrò mi pé kí àwọn jọ máa lọ, á ní, "Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Wọ́n ti mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ náà nìkan ló wá. Iṣẹ́ ti lù ú bolẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó jókòó sétí àga, ó ń tòògbé. Àbúrò mi ní, "Dìde, lọ sùn sórí ibùsùn mi." Ó ní rárá, Mọ́mì, òun fẹ́ máa lọ ni. "Mo ní kí o lọ sùn!" Mi ò gbọ́ kó jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin gìrìwò náà dìde, ó lọ dùbúlẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ bọ́ bàtà náà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó da aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé àpótí jókòó sẹ́bàá orí rẹ̀. Ó sùn lọ fọnfọn. Mo dá ẹ̀rọ dúró nítorí ariwo, mo wá ń fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ díẹ̀díẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ń fọwọ́ pa á lórí. Nígbà tó ṣe, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó."

Mo dìde, mo lọ wò ó. Òótọ́ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí àti níwájú orí, ó ti funfun.

"Ó ti hu ewú," ló wí. "Ọmọ mi ti hu ewú. Ìgbà wo ló hù ú? Ibo ni mo wà?"

Mo padà sídìí aṣọ mi, mo mú sísọ́ọ̀sì, mo sì ń gé lọ, mi ò rí ibi tí mò ń gé.